Kókó Tó Jókòó Jẹ́jẹ́ Rẹ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkọ Aránṣọ fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ. Kí ìwé tó bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, òun ni yóò jókòó tì í pẹ̀lú bíró pupa, tí yóò máa fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé jù sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ìhòòhò ni òun fúnra rẹ̀ máa ń pè é. Bí lẹ́tà bá wọlé tí wọ́n kọ “pelu owo” sí ìparí rẹ̀, á gbé e sókè kí gbogbo ilé iṣẹ́ lè rí i. “Ẹ gbà mí o! Ṣé ọ̀wọ̀ ni ọ̀gbẹ́ni yìí fi kí wa, àbí ọwọ̀ tí à ń fi gbálẹ̀ ló kó wá?” Àwọn ọmọ iṣẹ́ á rẹ́rìn-ín, nítorí òun ni ọ̀gá wọn. Bó ṣe di Alámì nìyẹn. Nílé, lọ́nà, níbi iṣẹ́, Alámì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Orúkọ àbísọ rẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn mọ́ ju kí ó máa fi gba owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń fi ọlọ́gbọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo làálàá tí a fẹ́ sọ yìí, orí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ló ti bẹ̀rẹ̀, Alámì ló kọ ọ́, kò sì fi àmì kankan sí i.

Nígbà náà, fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ló wà lóde. Ọmọ rẹ̀ ra ọ̀kan fún un. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò mọ àmì, ó ní ẹ̀rọ adití ni. Ó ń fi í gba ìpè, ṣùgbọ́n kò fi í kọ ohunkóhun rí. Ìgbà tó wá di pé ó gun àga láti mú ìwé kan lórí pẹpẹ, tí àga yẹ̀, tí ó fi ìhà lélẹ̀, ilé ìwòsàn ya fọ́tò egungun ìhà rẹ̀. Ìhà kò ní nǹkan kan. Àmọ́ lẹ́yìn egungun àyà, lókè ọkàn, òjìji kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò pè. Wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá yà á, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn fa díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá gbọ́ èsì. Ìyàwó rẹ̀ ní òun á bá a lọ. Alámì ní kí ló fẹ́ wá ṣe, ṣé èsì náà ni yóò wọ̀n kó fi ránṣọ ni?

Nítorí náà òun nìkan ló gbọ́ èsì. Ó jáde sí kọ́rídọ̀, inú rẹ̀ dùn dé eyín, ó fẹ́ pe ilé. Nọ́ọ̀sì kan nawọ́ sí pátákó ara ògiri: a kì í pe fóònù níbí. Ni Alámì bá jókòó, ó fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó sì fi ìka kan tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ayé rẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́:

“Won ri koko laya mi. Dokita ni jeje re lo wa. E ma so fun enikeni.”

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ yé òun fúnra rẹ̀ dáadáa. Wọ́n rí kókó láyà òun, dókítà ní jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló wà, kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Aránṣọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń lẹ àpò mọ́ aṣọ iléèwé, nígbà tí ọmọ náà já wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó na fóònù sí ìyá rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Aránṣọ kà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń sáré lọ, ó rán àpò náà kọjá etí aṣọ, ó ń rán afẹ́fẹ́.

“Jẹjẹrẹ ló wà,” ni ọmọ náà sọ níkẹyìn. “Màmá, jẹjẹrẹ ni.”

“Ta lo ti sọ fún?”

“Gbogbo wọn. Ẹ kò rí i ni? Bàbá ní ẹ máa sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ọmọ tí wọ́n ń sanwó fún lóṣooṣù kí ó lè máa jíṣẹ́, ó ti jíṣẹ́. Kí Aránṣọ tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù délé, ilé ti kún. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Oníkẹ́mísì, ti wà lórí àga ńlá pẹ̀lú aṣọ inujú méjì, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, ọ̀kan fún ojú òsì. Oògùn ikọ́ àti báńdéèjì ló ń tà, èyí sì ti sọ ọ́ di dókítà ìdílé láti nǹkan bí ogún ọdún. Òun ló kọ́kọ́ ka iṣẹ́ náà lọ́nà tirẹ̀. Ó rí “laya mi”, ó ní, “Wọ́n rí kókó láya rẹ̀? Háà, ìyàwó ni!” Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, títí tí wọ́n fi ṣàlàyé fún un pé àyà ni, kì í ṣe aya. Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún. Ohun tí Aránṣọ bá wọlé nìyẹn.

Sájẹ́ǹtì, ẹ̀gbọ́n Alámì, kò sunkún ní tirẹ̀. Ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò tíì sọ fún ohùn rẹ̀. Ó ń rìn láti fèrèsé dé ilẹ̀kùn.

“Yíyọ ni,” ni ó ń sọ. “Lọ́la. Bí ilé ìwòsàn yìí kò bá lè yọ ọ́, a ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè yọ ọ́. Ìyàwó, níbo ni ìwé rẹ̀ wà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí onílé dé ná.”

“Ìyàwó, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì.”

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí, Alámì wọlé pẹ̀lú àpò ọsàn, ó ń súfèé. Ó wo ojú, ó wo ẹkún, ó wo àga tí wọ́n ti gbé yí yàrá ká.

“Ta ló kú?”

Ìbéèrè náà ṣòro láti dáhùn fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

“Jókòó, àbúrò mi,” Sájẹ́ǹtì fi ohùn pẹ̀lẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí sọ ọ́. “Ara ẹ kò gba ìdúró mọ́.”

Wọ́n gbé fóònù fún un. Alámì ka iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ojú tì í débi pé etí rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà ìbínú gba ipò ìtìjú. Ó fa kàlẹ́ńdà ya kúrò lára ògiri, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó yọ bíró pupa.

“Jẹ́jẹ́!” ó ń kọ, ó ń pariwo. “Ohùn òkè, ohùn òkè! Rẹ̀! Ohùn ìsàlẹ̀! Jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló wà! Bí èmi náà ṣe wà jẹ́jẹ́ mi kí ẹ tó kún ilé mi! Kì í ṣe jẹjẹrẹ! Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe jẹjẹrẹ!”

“Ta ló wá ní kí ẹ má fi àmì sí i?” ni Àǹtí Oníkẹ́mísì bi í.

Ó yẹ kí ìdùnnú ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sunkún láti aago mẹ́wàá, tó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, kì í rọrùn fún un láti gbọ́ pé òun sunkún lófo. Àǹtí Oníkẹ́mísì nu ojú méjèèjì, ó ní kò burú, kí wọ́n bó ọsàn. Sájẹ́ǹtì nìkan ni kò tẹ̀ síbì kan.

“Jẹ́jẹ́ ni o, jẹjẹrẹ ni o, yíyọ ni. Ẹni tó bá bá àlejò tí kò pè nínú yàrá rẹ̀, ṣé á bi í bóyá jẹ́jẹ́ ló ń ṣe?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé gbogbo ẹni tó dúró jẹ́jẹ́ rẹ̀ lójú pópó lẹ máa ń kó?”

“Àwọn tí n kò kó náà ló padà wá jalè.”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sájẹ́ǹtì bá wọn lọ rí dókítà, ó wọ bẹ́líìtì iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Obìnrin ni dókítà náà, kò tíì pé ogójì ọdún, kì í sì í lè sọ̀rọ̀ bí kò bá ya àwòrán. Ó fa ìwé kan, ó ya àyà ènìyàn bí ẹni tó ń ya yàrá.

“Bàbá, kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, a kì í sáré yọ ọ́ nítorí pé ó kàn wà. Ìwà rẹ̀ kọ́ ni mò ń bẹ̀rù, ibi tó ń gbé ni. Ẹ wò ó. Ọ̀nà èémí nìyí, ọ̀nà oúnjẹ nìyí. Èyí ni òpó tó ń kó ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti orí àti apá. Gbogbo wọn ló ń gbé inú yàrá kan náà, yàrá náà kò sì lè fẹ̀ sí i. Bó bá wà bó ṣe wà, a ó máa ṣọ́ ọ. Bó bá ń dàgbà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ará ilé, a ó yọ ọ́, a kò ní dúró kó fún yín lọ́rùn.”

“Kí ló dé tí ẹ kò yọ ọ́ báyìí, ká sinmi?” Sájẹ́ǹtì bi í.

“Nítorí pé ayùn la fi ń la egungun àyà, bàbá. Ẹ̀jẹ̀ lè ya. Iṣan tó ń gbé ohùn kò jìnnà síbẹ̀. A kì í ṣe é kí ẹbí lè sinmi.”

Sájẹ́ǹtì tún bẹ́líìtì rẹ̀ ṣe.

“Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ló jẹ́ lónìí,” dókítà ń bá a lọ. “Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a ó tún yà á. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò mọ ohun gbogbo. Bó ṣe tóbi tó ni fọ́tò máa sọ. Bí ó bá ń ni yín lára, ẹnu yín ló máa sọ ọ́. Bí ẹ kò bá lè mí dáadáa, bí ẹ kò bá lè dùbúlẹ̀ gbọọrọ, bí ojú bá ń wú, kí n gbọ́. Mo nílò méjèèjì.”

Alámì ṣèlérí. Ta ni kì í ṣèlérí níwájú dókítà?

Báyìí ni Alámì ṣe jàre, jíjàre náà ló sì kù díẹ̀ kó pa á. Ọkùnrin kan lè gbé ìgbésí ayé rẹ̀ láìborí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara rẹ̀ á sì le. Ìgbà tó bá borí ni kí ẹ bẹ̀rù. Láràárọ̀ Sunday ni Alámì ń pe Sájẹ́ǹtì lórí fóònù: “Ẹ̀gbọ́n mi, àlejò yẹn kò tíì jalè o.” Ẹni tó bá kí i lọ́nà pé báwo ni ara, “Jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló wà” ni èsì. Ó ń kọ́ wọn lóhùn rẹ̀ pẹ̀lú, òkè, òkè, ìsàlẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Oṣù kejì ló kọ́kọ́ ráhùn sí ẹ̀wù rẹ̀. Ó dúró níwájú dígí, bọ́tìnnì òkè pátápátá kò dé ihò.

“Ọṣẹ tuntun yìí ń sún aṣọ kì,” ó ní.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Aránṣọ ti ń rán ẹ̀wù fún ọrùn yẹn. Ínǹṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀ ni, ó wà nínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀, ojú ewé àkọ́kọ́, kò yí padà rí. Ó mọ̀ pé ọṣẹ kì í sún kọ́là kì kó fi apá ẹ̀wù sílẹ̀. Ó fi téèpù wọn ọrùn náà nígbà tí olówó orí rẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn, ó ṣe bí ẹni ń tún kọ́là ṣe. Mẹ́rìndínlógún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, nítorí ọwọ́ tó bá ti mọ ìwé ìwọ̀n kò mọ ìgbà tí kò yẹ kó kọ̀wé. Lẹ́yìn náà ó tú bọ́tìnnì, ó sún un síta díẹ̀, ó tún un rán. Kò sọ nǹkan kan. Bọ́tìnnì kò tó èékánná ọwọ́. Kí ni bọ́tìnnì máa dá sílẹ̀ láyé? Bó bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ni. Bí kò bá sọ ọ́, aṣọ lásán ni.

“Ẹ ò rí i?” Alámì ní lọ́jọ́ kejì, tí bọ́tìnnì wọlé pẹ́rẹ́. “Ọṣẹ ni.”

Ní oṣù kẹrin ó tún sún un. Ní ìparí oṣù karùn-ún ó sún un lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì sí àyè síwájú mọ́ lára kọ́là náà. Láàárín èyí, Alámì pa bàtà olókùn tì, ó ń wọ sálúbàtà lọ ibi gbogbo, ó ní afẹ́fẹ́ dára fún ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ibùsùn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Orí àga ló ń sùn, ìwé lórí itan, ó ní kíkà ni òun ń kà. Bílẹ̀ bá mọ́, ojú rẹ̀ á wú bí ẹni tí oyin ta, títí aago mẹ́wàá. Ara rẹ̀ ń rù, ọrùn rẹ̀ ń sanra. Àǹtí Oníkẹ́mísì rí i, ó ní ìfẹ̀yìntì mà yẹ ẹ́ o.

Àárọ̀ ọjọ́ tí oṣù mẹ́fà pé, Aránṣọ gbé tíì síwájú rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀.

“Bàbá wọn, ẹ máa sọ fún dókítà pé orí àga lẹ ń sùn.”

“Kí Sájẹ́ǹtì lè gbọ́?”

“Kí dókítà lè gbọ́.”

“Sájẹ́ǹtì á wà níbẹ̀. O mọ̀ ọ́n. Ó máa wí pé ‘mo ti sọ’ títí wọ́n á fi sin mí, á tún kọ ọ́ sára òkúta.”

“Ẹ̀gbọ́n yín kò ní ayùn lọ́wọ́.”

“Ó ní ẹnu.” Ó yí ife tíì po lórí àwo rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. “Aránṣọ, wọ́n á là mí bí igi gẹdú.”

Ìgbà náà ló yé e pé ẹ̀rù ni. Gbogbo ìyangàn yẹn, gbogbo ìpè àárọ̀ Sunday yẹn, ẹ̀rù ló wọ̀ wọ́n láṣọ. Bí òun náà ṣe fi bọ́tìnnì wọ tirẹ̀ láṣọ nìyẹn. Àwọn méjèèjì ti ń bára wọn purọ́ fún odidi oṣù mẹ́fà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe, ẹnikẹ́ni kò já wọn.

Ó gbé ìwé ìwọ̀n sínú báàgì rẹ̀ kí wọ́n tó jáde, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ bóyá òun á yọ ọ́.

Dókítà gbé fọ́tò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Sájẹ́ǹtì ti gba àga tó sún mọ́ ọn jù.

“Bàbá, ṣé ẹ ń mí dáadáa?”

“Dáadáa.”

“Oúnjẹ ń lọ?”

“Ó ń lọ geere.”

“Ẹ ń sùn gbọọrọ?”

“Bí ọmọ ọwọ́.”

Dókítà tẹ́tí sí àyà rẹ̀, ó wo fọ́tò pẹ́. “Ó ti kúrò ní mẹ́rin, ó ti lé ní márùn-ún. Ó ti fara kan òpó ẹ̀jẹ̀ yìí. Fífara kàn kì í sì í ṣe títì. Bí ẹ bá ní kò ni yín lára rárá, mo lè tún fún un ní oṣù mẹ́ta, ká wò ó.”

Alámì yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìṣẹ́gun ni. Oṣù mẹ́ta! Ó ti ń wá ohun tí yóò sọ ní Sunday.

Aránṣọ ṣí báàgì.

Ó fi ìwé náà sórí tábìlì, ó ṣí i sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì fi ìka sí i. Dókítà tẹ̀ síwájú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀. Mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rìndínlógún àbọ̀. Mẹ́tàdínlógún. Déètì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.

“Ọrùn ta nìyí?”

“Tiwọn ni,” Aránṣọ dáhùn. “Mo ti sún bọ́tìnnì wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Orí àga ni wọ́n ń sùn, Dókítà. Wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ di okùn bàtà. Ojú wọn ń wú láràárọ̀.”

Alámì ń wo ìwé náà bí ẹni tó ka orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀sùn ọlọ́pàá.

“Ìwọ lo ń sún un?”

“Èmi ni.”

“O sì jẹ́ kí n máa bú ọṣẹ!”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Gbọnrangandan. Ẹ jẹ́ kí apá kan etí yín, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀.”

Alámì gbé e sókè. Fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ọkùnrin tó nawọ́ sókè lásán ni. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó pọ́n kọjá pípọ́n, ó ń dúdú lọ. Iṣan dìde lọ́rùn rẹ̀ àti níwájú orí bí okùn. Èémí rẹ̀ ń fọn. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni Sájẹ́ǹtì fi ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n káwọ́ sókè, kò ní kí ẹnikẹ́ni tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ rí. Òun ló ta dìde.

“Ó tó! Dókítà, ẹ ní kó sọ ọwọ́ kalẹ̀! Àbúrò mi, sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Sọ̀ ọ́ kalẹ̀!”

Alámì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó di etí tábìlì mú. Àwọ̀ rẹ̀ ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Kò fara kàn án lásán mọ́,” dókítà ní. “Ó ti ń fún òpó náà pa. Ohun tí fọ́tò kò lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀ nìyí. Kókó náà kò di jẹjẹrẹ, n kò sì rò pé yóò di jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ó tó yíyọ.”

“Ṣé kò sí oògùn tó lè yọ́ ọ ni?” Ohùn Sájẹ́ǹtì ti kéré débi pé wọ́n wo ojú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ni. “Ṣé dandan ni kí a lo ayùn? Ẹ ní oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.”

Alámì yí orí sí i. “Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ lọ́la.”

“Mo mọ̀ pé o ò ní gbà ni!”

Sájẹ́ǹtì jókòó, ó ń fi àtàǹpàkò nu irin bẹ́líìtì rẹ̀.

“Bí a bá fi í sílẹ̀ ńkọ́?” Alámì bi dókítà.

“Ẹ ò ní kú lọ́la. Á máa dàgbà, òpó á máa há. Ó ń bọ̀ wá ti ọ̀nà èémí. Ìgbà tí ẹ bá padà wá fúnra yín, iṣẹ́ abẹ náà á ti le ju báyìí lọ, ara yín á sì ti rọ ju báyìí lọ. Bí a bá ṣe é báyìí, ewu ṣì wà níbẹ̀, n kò ní tàn yín. Ẹ̀jẹ̀. Ohùn. Ṣùgbọ́n mo rò pé ewu ìdúró ti ju ti ọ̀bẹ lọ. Ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kò rí bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n ti bá Alámì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ, aládùúgbò, ẹni tó mọ ẹnì kan tí wọ́n là àti ẹni tó mọ ẹnì kan tí wọn kò là. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà tí a kò bi léèrè rí. Ó yíjú sí i.

“Aránṣọ, kí lo rò?”

Ó ti ní èsì náà lẹ́nu tipẹ́. “Irọ́ ni mo rán mọ́ yín lọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá wọn. Kọ́là ti tán. N kò ní rán ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.”

Ọkọ rẹ̀ wò ó títí. Ó mí èémí kan, ìwọ̀n èyí tó ṣeé mí.

“Dókítà, ẹ yọ ọ́.”

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wọlé. Gbogbo ẹbí wà ní kọ́rídọ̀. Àǹtí Oníkẹ́mísì ń ṣàlàyé fún obìnrin kan tí kò mọ̀ rí pé ọrùn ni òun ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí, pé àwọn tó mọ oògùn ló ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọmọ wọn ń bá ènìyàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ̀rọ̀. Kì í tẹ̀ ẹ́ lọ kó tó kà á síta ní ẹ̀ẹ̀mejì. Sájẹ́ǹtì kò jókòó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì tó bá kọjá pé àbúrò òun wà nínú ibẹ̀, ó ń sọ fún aláìsàn, ó ń sọ fún ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i bí aago ṣe ń lọ. Aránṣọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Kò mú iṣẹ́ kankan wá. Ó ń rò ó pé ká ní òun sọ̀rọ̀ ní bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Ó ń rò ó pé ká ní òun kò sọ ọ́ rárá, wọn kì bá máa fi ayùn là á báyìí. Ọ̀nà méjèèjì ló rìn lọ, tó rìn bọ̀, láìdìde níbi tó jókòó sí.

Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, dókítà jáde, ilà fìlà iṣẹ́ ṣì wà níwájú orí rẹ̀.

“Kókó náà ti jáde. Ó ti ń lẹ̀ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló gbà wá lákòókò. Òpó ti là. Ohun tí a rò pé ó jẹ́ náà ló jẹ́.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀!” ni Àǹtí Oníkẹ́mísì ké.

“Ohùn wọn ńkọ́?” Aránṣọ bi í.

“A kò tíì mọ̀, Màmá. Ó dìgbà tí wọ́n bá jí, tí a bá yọ rọ́bà kúrò lọ́nà ọ̀fun.”

Ó tún jókòó. Oòrùn ti kúrò lára ògiri kọ́rídọ̀ kí nọ́ọ̀sì kan tó yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ń wá ìyàwó aláìsàn.

“Wọ́n ti jí. Wọ́n ti sọ̀rọ̀.”

“Kí ni wọ́n sọ?”

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó yẹ kí òun tún un sọ. “Ohùn wọn ti ha díẹ̀, àmọ́ ó yé wa ketekete. Wọ́n ní kí ẹnì kan lọ sọ fún ọkùnrin tó ń pariwo ní kọ́rídọ̀ pé àìsàn ń ṣe ènìyàn níbí.”

“Èmi ni!” Sájẹ́ǹtì ké, omi ń dà lójú rẹ̀, ó di ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ mú léjìká. “Ẹ gbọ́? Èmi ló ń bá wí!”

Nọ́ọ̀sì ní kí Màmá máa bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé. Ẹ̀rín ti mú Aránṣọ, kò jẹ́ kó dìde. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú kan.